Ọ̀rọ̀ Jámánì Tí Yorùbá Ò Lè Túmọ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adépìtàn, tó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ filọ́sọ́fì ní Jámánì, ní Yorùbá ò lè túmọ̀ "Dasein", ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ọmọ ènìyàn ṣe wà láyé tòun ti àníyàn rẹ̀. Táíbátù, atẹ̀wé rẹ̀, rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Túmọ̀ ẹ̀ kí n tó mu tíì yìí tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù ẹ." Táíbátù ò ṣí ìwé kankan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Báwo ni nǹkan?" Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní, "A wà ńbẹ̀." Táíbátù tẹ̀ ẹ́ síwèé: "Wíwà-ńbẹ̀. Olùtúmọ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adépìtàn." Ọ̀gá ya ọ̀rọ̀ Jámánì náà sí méjì: "da" ni ńbẹ̀, "sein" ni wíwà. Tíì tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Táíbátù ní, "Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi wá a, sà, ẹnu yín ló wà."