Ẹyin Díndín àti Abọ́ Kan

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣe kúùkù nílé ará Íńdíà kan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ọ̀gá padà sí ìlú rẹ̀, kúùkù sì gba yàrá kan nínú ilé ọlọ́pọ̀ yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì wà lókè òkun.

Ohun kan ṣoṣo tí ó mú bọ̀ láti ilé ọ̀gá rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dín ẹyin. Ìwọ náà mọ tiwa: a ó po ó mọ́ ata àti tòmátì, a ó dà á sínú òróró, a ó yí i padà, ó parí. Ti ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró á kọ́kọ́ gbóná, wọ́n á da èso kúmíní díẹ̀, èròjà olóòórùn dídùn àwọn ará Íńdíà, sí i títí yóò fi máa ta, alùbọ́sà àti ata tútù tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ á tẹ̀lé e. Wọ́n á wá rọra fọ́ ẹyin lé e lórí kí pupa inú rẹ̀ má baà tú, wọ́n á fi iyọ̀ àti atalẹ̀ pupa lílọ̀ wọ́n ọn. Lẹ́yìn èyí, iná gbọ́dọ̀ kéré. Wọn kì í yí i. Ṣíbí ni wọ́n fi ń bu òróró gbígbóná sí i lórí, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ yóò fi dì. Obìnrin náà a máa wí pé, "Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ se tiẹ̀ lómi."

Ní àràárọ̀, kúùkù a gbé sítóòfù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a dín ẹyin kan, a sì jókòó tì í pẹ̀lú búrẹ́dì. Ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, télọ̀ àgbàlagbà kan ń dá gbé. Ojú télọ̀ ti di bàìbàì, kò lè ránṣọ mọ́. Bí ó bá ti jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, kúùkù a ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ wá jẹun o."

"Á gba ibi ire o, Kúùkù."

O mọ àṣà wa. Ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń kọjá. Ẹni tí a pè kò sì gbọdọ̀ sáré jókòó, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀kánjúwà. Ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ṣe ọmọlúàbí fún ara wọn. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé "ẹ wá jẹun" yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí kúùkù bá ènìyàn sọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó wù ú kí télọ̀ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bóyá télọ̀ kórìíra oúnjẹ àjèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ télọ̀ gbé ọkọ̀ dé láti wá mú bàbá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin pátápátá. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ kí kúùkù tó mọ̀. Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kúùkù, òórùn ẹyin yín yìí ti ń wọlé bá mi láti ọdún mẹ́fà. Kò sọ́jọ́ kan tí kò wù mí í jẹ."

"Háà! Ṣebí mò ń pè yín lójoojúmọ́?"

"Ẹ ń pè mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abọ́ kan ni mo máa ń rí níwájú yín."

Kúùkù ní, "Ẹ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Ó sáré tan sítóòfù, ó sì yí iná sókè. Kúmíní jóná. Ó fọ́ ẹyin méjì, ọ̀kan tú. Ìsàlẹ̀ ń dú, òkè ṣì wà ní tútù. Ọkọ̀ ń fọn fèrè níta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti kọ́ ọ nílé ọ̀gá rẹ̀, kúùkù yí ẹyin náà padà. Nígbà tí ó fi gbé abọ́ méjèèjì dé ẹnu géètì, eruku ni ó bá. Ọ̀nà jìn, ọmọ télọ̀ kò lè dúró mọ́.

Ó padà, ó gbé abọ́ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì, kò jẹ ọ̀kankan. Ó ti ń dá gbé tipẹ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìdáwà wọ̀ ọ́ lára. Ó sunkún.

Ọmọ mi, o sọ fún mi lánàá pé ìyá rẹ ní Ìkirè kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. O ní gbogbo ìgbà tí o bá pè wọ́n lórí fóònù lo máa ń wí pé, "Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bí ẹ bá fẹ́ nǹkan," wọn a sì ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, Ọlọ́run ń bẹ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí télọ̀ ti ń dá kúùkù lóhùn ni ìyá rẹ ń dá ọ lóhùn, nítorí abọ́ kan ni wọ́n ń rí níwájú rẹ.

Má béèrè mọ́. Ní Sátidé, wọ ọkọ̀, ra ẹyin àti búrẹ́dì lọ́nà, kí o sì wọ ilé ìdáná wọn. Gbé abọ́ méjì kalẹ̀ kí o tó tan iná. Jẹ́ kí iná náà kéré, má kánjú. Kò tíì sí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.