Ọ̀bọ, Òpè Ayò Tó Ń Dá Ọpọ́n Lẹ́bi

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò, ó tàkìtì, ó bà lé Ọ̀bọ, òpè ayò.

Òkété pa á láyò, ó ní àpótí ìjókòó ni. Ó pààrọ̀ àpótí, Òkété pa á. Ó ní ariwo òǹwòran ni. Wọ́n panu mọ́, Òkété tún pa á.

Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:
Ọ̀bọ, kí ló pa ọ́?
Ọpọ́n ni!

Ọ̀bọ gbé ọpọ́n tuntun dé. Àánú ṣe Òkété: "Ọ̀rẹ́, kó o tó ta, wo ohun tí mo lè jẹ lọ́dọ̀ rẹ." Ọ̀bọ wò ó, ó sì pa Òkété! Ó fò sókè: "Ṣé ẹ rí i? Ọpọ́n ni!"

Nígbà tó tún jókòó, kò wo ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ mọ́. Òkété pa á, ó tún ní ọpọ́n ni, ni àwọn òǹwòran bá lé e gun igi. Orí igi ni ọ̀rọ̀ Òkété ti wá yé e, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní, tó ń pariwo mọ́ gbogbo òpè: "Wo ọ̀dọ̀ rẹ ná!"