Ohun Tó Kọ́ Ológìnní Láti Máa Gbóòórùn Oúnjẹ

Nígbà láéláé, ológìnní kì í gbóòórùn oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ.

Láyé ìgbà náà, Ọ̀bọ ló ní ilé oúnjẹ nílùú àwọn ẹranko. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á máa sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ̀wà ti jinná. Ẹ má jẹ ẹja lónìí, ti àná ni."

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀bọ gbé wàláà kan tó ń tàn yanran dé. Àwòrán oúnjẹ ló kún inú rẹ̀. Èyí tó bá wù ọ́ ni wàá fọwọ́ kàn, oúnjẹ á sì gba fèrèsé kékeré kan jáde. Ọ̀bọ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa, kò dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Inú Ìgbín dùn. "Tẹ́lẹ̀, kí n tó lanu, àwọn tó wà lẹ́yìn mi á ti máa kígbe pé kí n ṣe kíá. Lónìí, mo fara balẹ̀ yan tèmi."

Òótọ́ ni Ìgbín sọ. Àmọ́ ọkàn Ológìnní, ìyá Àyọ̀ká, kò balẹ̀. Ó wo wàláà. Ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Kí ló dé tí ẹni tó ń se oúnjẹ fi ń sá fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́?

"Màámi, ebi ń pa mí," ni Àyọ̀ká wí.

Ni ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ kan àwòrán ẹja kan tó ń dán. Ẹja dé, ata bò ó mọ́lẹ̀. Àyọ̀ká jẹ ẹ́ tán.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti ń bì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá rẹ̀ fi jókòó tì í, tó ń kán omi sí i lẹ́nu. Ìgbà tí ọmọ dìde tán, Ológìnní gba ilé oúnjẹ lọ, ó fi ìbínú ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹja tó ti ń rà ló bá nínú apẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀bọ, ṣé ẹja inú àwòrán rẹ rèé?"

"Òun ni, Ìyá Àyọ̀ká." Ọ̀bọ ò lè gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tí mo ya àwòrán yẹn, ẹja tútù ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

"Ibo ni mo ti fẹ́ rí ọ bi?"

Ọ̀bọ bẹ̀bẹ̀, ó da ẹja náà nù, ó sì padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi wàláà sílẹ̀ fún irú Ìgbín. Ṣùgbọ́n Ológìnní ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ológìnní ti ń na imú sí oúnjẹ kó tó fẹnu kàn án. Ìbáà jẹ́ ìwọ tó o tọ́ ọ dàgbà lo gbé e wá, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò wo ojú rẹ, yóò sì tún gbóòórùn rẹ̀.