Igi Tí Wọ́n Ní Kí Ọdẹ́kúnlé Má Fọwọ́ Kàn

Ìráhùn ẹran ni ó gbé Ọdẹ́kúnlé jáde nílé. Ọmọ ọdẹ ni. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ẹran ìgbẹ́ bọ́ ìlú Ìdí-Òrí nígbà ayé rẹ̀, tí kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí ọwọ́ bàbá náà kò dé. Ṣùgbọ́n ìgbà ọmọ kò rí bí ìgbà bàbá. Ìgbẹ́ ti di pápá, ẹtu ti ṣí lọ, àgbọ̀nrín ti di ohun tí à ń pìtàn rẹ̀, àrùn sì ti pa màlúù ìlú dànù lẹ́bàá odò. Ọbẹ̀ òfìfo ni àwọn ọmọdé ń jẹ. Bí Ọdẹ́kúnlé bá gbé ìbọn jáde láàárọ̀, ọwọ́ òfo ló fi ń padà, ojú a sì máa tì í láti gba ẹnu ọ̀nà ìlú wọlé, nítorí pé bí àwọn arúgbó bá ti kí i tán, àpò rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò.

Ìyá rẹ̀ wà nílé, eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ rí. Àìbéèrè yìí ló dun Ọdẹ́kúnlé ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì wọ́n ní Ìdí-Òrí, òun ni kànní, kòkòrò tí ó máa ń bo ewé igi òrí nígbà òjò. Bàbá wọn fi oko igi òrí méjì sílẹ̀: ọ̀kan fún Ọdẹ́kúnlé, ọ̀kan fún Ọdẹ́bísí, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Odò kékeré kan ló pààlà sáàárín oko méjèèjì. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀kúnwọ́ kànní ni àwọn obìnrin máa ń ṣà, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sóòrùn, wọn a sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Ọdẹ́kúnlé wá rò ó pé bí a bá ń kó o jọ lápò lápò, tí a ń bọ̀ ọ́ dáadáa, tí a ń sá a kó gbẹ, yóò di ẹran fún gbogbo ìlú tí kò rí ẹran jẹ mọ́. Èrò rere ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èrò náà kò dára. Ó gbé e fún àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ gbà á, wọ́n sì ní àwọn kò ní í bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ òrìṣà.

Òjò-ò-bẹ́nìkan-ṣọ̀rẹ́, awo orí ewé. Ilẹ̀-gbé-e-mì-kò-sọ, awo ìdí igi. Àwọn ni wọ́n dá fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sọ kòkòrò di ọrọ̀. Ẹnu Ìyá Àwẹ̀ró, ìyálóòṣà Òrìṣà Oko, ni àwọn awo náà gbà sọ̀rọ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró da owó ẹyọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ire ni mo rí. Ire oúnjẹ, ire orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹbọ ń bẹ ńbẹ̀."

Ọdẹ́kúnlé ní, "Kí ni kí á mú wá, Ìyá?"

"Ẹ ò ní í mú nǹkan kan wá. Igi tó wà láàárín oko kálukú yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kànní orí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ má gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ má wú ìdí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹ ó máa rú u."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó le ju bí o ṣe rò ó lọ."

Ara Ọdẹ́kúnlé kò gbà á. Ọmọ ọdẹ ni, ẹbọ tí ó mọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ṣé kòkòrò ni a ó máa fi rúbọ fún kòkòrò? Nígbà tí ó ṣe, ó fa àgbò abìwo-gọ̀ngọ̀ kan wá sí ojúde Ìyá Àwẹ̀ró, ó ní kí ó gba èyí, pé àgbò tóbi ju kòkòrò lọ.

Ìyá náà wo àgbò, ó wo ẹni tó fà á. "Òrìṣà kò tọrọ àgbò lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ní kéèyàn fi sílẹ̀, kò ṣeé fi ohun tí a gbé wá dípò. Fa ẹran rẹ lọ sílé."

Ó fà á lọ sílé lóòótọ́. Ó pa á, ó pín in fún ará àdúgbò, wọ́n ṣàdúrà fún un, òun náà sì jẹ níbẹ̀. Lójú ara rẹ̀, ó ti rúbọ tán. Irú ẹbọ báyìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ọwọ́ wọ́n ti tó ẹnu: ẹni tó rú u náà ló ń jẹ ẹ́.

Òjò rọ̀, kànní sì bo igi. Àwọn obìnrin ìlú kó apẹ̀rẹ̀ dé, wọ́n ń ṣà, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń sá a sórí àpáta. Àwọn alárù wá láti ìlú òkèèrè, wọ́n ń rù ú lọ sọ́jà wọn. Ọbẹ̀ tún dùn ní Ìdí-Òrí. Wọ́n lọ kànní kúnná fún ìyá arúgbó, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, inú ọmọ rẹ̀ sì dùn débi pé kò lè jókòó. Wọ́n ti ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ kí i.

Nígbà tí ó yá, kànní tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára igi láti wọ ilẹ̀ lọ. Ọdẹ́kúnlé rí i. Ó rò ó pé ohun tí ń wọlẹ̀ yìí, ọbẹ̀ àwọn ènìyàn ni. Ó ní kí wọ́n da eérú yí ìdí gbogbo igi ká, kí kòkòrò kankan má lè sọdá. Wọ́n gé ẹ̀ka tí ọwọ́ kò tó. Èyí tó ti wọlẹ̀, wọ́n fi ọkọ́ wú u. Igi àárín oko ló tóbi jù, òun ni kànní sì pọ̀ sí jù. Ẹnì kan lára àwọn obìnrin náà bi í pé, "Ṣé ká da eérú sídìí ìyẹn náà?" Ọdẹ́kúnlé rántí ọ̀rọ̀ Ìyá Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ó ní, "Mo ti fi àgbò dípò rẹ̀." Wọ́n sì ṣe igi náà bí wọ́n ti ṣe ìyókù.

Ní òdìkejì odò, Ọdẹ́bísí ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Igi àárín oko rẹ̀ dúdú fún kànní, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń lé ẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọdá wá bá a, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ọdẹ́bísí, o ti wá di ẹrú kòkòrò!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Èmi ò mọ ìdí rẹ̀ o. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, mo fi sílẹ̀."

Nígbà tí òjò tún dé, kànní tó wọlẹ̀ lóko Ọdẹ́bísí ti di àfòpiná ńláńlá, wọ́n jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n yé ẹyin sára ewé, ẹyin náà sì pa di kànní tuntun. Lóko Ọdẹ́kúnlé, kùkùté ẹ̀ka ló pọ̀ ju ewé lọ. Kànní díẹ̀ tó yọjú níbẹ̀, ó ṣà á tán pátápátá, ó ní ọdún tó ń bọ̀ yóò sàn. Ọdún tó ń bọ̀ dé, kò sí ẹyọ kan. Àwọn obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ wá, wọ́n gbé e padà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́kúnlé a máa dúró sábẹ́ igi, a gbójú sókè títí ọrùn yóò fi máa ro ó.

Àsìkò yìí ni àìsàn dá ìyá rẹ̀ wólẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ọdẹ́kúnlé, ọbẹ̀ kànní díẹ̀ ni ẹnu mi ń fẹ́."

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá yìí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láyé nìyẹn. Odò kékeré kan ló wà láàárín Ọdẹ́kúnlé àti ohun náà, odò tí omi rẹ̀ kò mu ni dé orúnkún, kò sì lè sọdá rẹ̀. Ẹnu tó fi pe àbúrò rẹ̀ ní ẹrú kòkòrò, ojú ń tì í láti fi tọrọ kòkòrò. Ọ̀nà ọjà òkèèrè ló gbà lọ. Àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Tiwa ti tán. Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni a ti máa ń kó o?"

Ọwọ́ òfo ló fi padà. Láti ẹnu ọ̀nà ìlú ló ti gbọ́ ẹkún. Ọdẹ́bísí jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá wọn, ìkòkò kan tí a dé lórí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Odò ni mo ti gbọ́ pé ara Ìyá ò yá. Mo sè é wá kíá. Wọ́n jẹ níbẹ̀, wọ́n ní ká bo ìyókù fún yín, pé ebi á ti máa pa yín bọ̀ lọ́nà."

Ọdẹ́kúnlé ṣí ìkòkò. Ìdajì ni ìyá jẹ. Arúgbó tí ikú ti dé sí lórí, tí ọbẹ̀ yìí ti ń wù ú, ó mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn òun, ó sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó dùn ún wọ eegun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àwẹ̀ró. "Ìyá, mo ti ṣe tán láti rú u."

"Ẹbọ náà kò yí padà. Fi igi àárín oko rẹ sílẹ̀."

"Igi náà ti gbẹ, Ìyá. Kò sí ohun tó kù tí mo lè fi sílẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró kó owó ẹyọ rẹ̀ sínú àpò.

Èyí tó gbọ́ tó sì ṣe, Ọdẹ́bísí ni. Ọbẹ̀ ìlú méje dúró lé oko rẹ̀, ó sì ń fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ láìrán an létí ọ̀rọ̀ àná. Èyí tó gbọ́ tó fi àgbò dípò, Ọdẹ́kúnlé ni. Ó gbin igi òrí kékeré kan sí àárín oko tó ṣófo. Igi òrí kì í kánjú dàgbà, irun orí rẹ̀ sì ti funfun. Ojoojúmọ́ ló ń pọnmi lódò kékeré yẹn, tó ń bomi rin igi tí òun kò ní í jẹ kànní orí rẹ̀ láéláé.