Àga Etí Ìyẹ́

Ọkùnrin kan wà, Àjàmú lorúkọ rẹ̀, tó kan ọkọ̀ òfurufú kan tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àdán tó na apá, inú ìyẹ́ rẹ̀ gan-an ni èrò sì ń jókòó sí. Àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lọ́la. Bí ara bá tù wọ́n, iṣẹ́ dé nìyẹn. Bí kò bá tù wọ́n, wọ́n á tú ọkọ̀ náà palẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì gba ilé lọ.

Ló bá kó ẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti dán an wò. Etí ìyẹ́ lọ́tùn-ún lósì ni àga ti tóbi jù, torí náà ibẹ̀ ló fi àwọn àgbà sí, nítorí ọ̀wọ̀. Òun jókòó sí àárín gbùngbùn. Ọkọ̀ gbéra. Nígbàkígbà tó bá yí lójú ọ̀run, Àjàmú á béèrè pé, "Ṣé ara tù yín?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́ o!" Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Àbúrò mi, Yorùbá wo ni kì í dúpẹ́? Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ náà ń dúpẹ́.

Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìyá yìí ní, "Àjàmú, èwo ni ṣé ara tù yín? Wá jókòó síbí, kí ìwọ náà wá dúpẹ́."

Wọ́n pààrọ̀ àga. Awakọ̀ yí ọkọ̀. Àárín kàn rọra tẹ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n etí ìyẹ́ fò sókè bíi jáńgírọ́fà, ó tún já wálẹ̀.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Ìyá bi í láti àárín pé, "Àjàmú, ṣé ara tù ọ́?"

"A dú… rárá o, Ìyá! Kò tù mí!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àwọn tó ti ń dúpẹ́ látàárọ̀ wá ń jẹ́wọ́ pé ara kò tu àwọn náà rárá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrù ti wà ní etí ìyẹ́, àga èèyàn sì ti wà ní àárín. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn olùrà sùn lọ fọnfọn lójú ọ̀run, ó ń hanrun. Wọ́n ra ọkọ̀. Ijó ni àwọn òṣìṣẹ́ jó délé.

Ìwọ náà ńkọ́, àbúrò mi? O ní gbogbo ìgbà tí o bá bi ìyàwó rẹ bóyá ara tù ú ló ń ní a dúpẹ́. Ó dáa. Níbo lo máa ń jókòó sí tí o fi ń bi í? Tí o bá délé lónìí, gba ọmọ pọ̀n, kí o dúró nídìí iná. Jẹ́ kí ó jókòó sórí àga rẹ, kí òun wá bi ọ́ bóyá ara tù ọ́.