Ọwọ́ Tó Pa Ilẹ̀ Yàrá
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ bi Ìbídùn léèrè. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nílùú rẹ̀ tó ń ya àwòrán tí kò jọ ènìyàn, tí kò jọ ẹranko. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí, ó kù díẹ̀ kó sọ búrọ́ọ̀ṣì nù.

Lọ́jọ́ tí ìlú wá ń yẹ́ ẹ sí, wọ́n bi í pé òkè òkun wo ló ti kọ́ ọ. Ó fa ìyá àgbà rẹ̀ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ màmá mú.

“Bí ọwọ́ yìí ṣe máa ń fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ yàrá wa ni mò ń yà. Ẹ ṣeun, Ìyá.”

Màmá tẹjú mọ́ àwòrán ńlá tí wọ́n gbé kọ́ níbẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“O káre, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n igun ọ̀hún yẹn, ọwọ́ rẹ ò dé ibẹ̀.”