Ewé Kan Kì í Jẹ́ Àgúnmu

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló ń sọ ọ́ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ ní ìlú Òkè-Igbá, má tíì máa yangàn pé o pa òwe. Kíá ni wọn ó dá ọ lóhùn: "Ewé kan kì í jẹ́ àgúnmu." Àlejò á wá máa wò bọ̀ọ̀. Kí ló kan ewé nínú ọ̀rọ̀ ọjà? Mo ti rí àgbàlagbà kan tó ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn ni, tó tún ń fi ìka halẹ̀ mọ́ wa. Irọ́ gbuu! Ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ ni. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láníyọ̀nú lọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ sí lórí. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi ilé ìpamọ sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mọpélọ́lá. Ẹ̀rọ ló ń sàba fún ẹyin níbẹ̀ dípò adìẹ, àwọn ọlọ́sìn á sì wá ra òròmọdìẹ ní ọjọ́ tí ẹyin bá pa. Láti ayé bàbá wọn, Mọpélọ́lá ló máa ń ké lórí rédíò ní ìdájí pé, "Ẹ̀yin ọlọ́sìn, ọmọ ti dé o!" Pátákó kan sì wà ní oríta tí wọ́n kun òròmọdìẹ ńlá aláwọ̀ ìyeyè sí. Pátákó yẹn ti di ibùdókọ̀. Bí èrò bá fẹ́ sọ̀ níbẹ̀, "Òròmọdìẹ wà o!" ni wọ́n ń pariwo sí awakọ̀.

Nígbà tí ọmọ Mọpélọ́lá bímọ ní Ìlọrin, Mọpélọ́lá lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Gbogbo ilé ìpamọ wá ku Láníyọ̀nú nìkan. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ìkànnì sórí ayélujára. Ìkànnì náà dára, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwòrán wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, ibi tí èèyàn ti lè yan iye tó fẹ́ rà náà wà níbẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni!

"Ta ló tún ń gbọ́ rédíò?" ni Láníyọ̀nú wí. "Orí fóònù ni gbogbo ayé wà báyìí."

Bó ṣe dá ìkéde rédíò dúró nìyẹn. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa òròmọdìẹ ara pátákó rẹ́, kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá kó ẹyin ọdún Kérésìmesì sínú ẹ̀rọ, gbogbo àyè ẹ̀rọ ló kún dẹ́múdẹ́mú.

Ìyá wọn, Ìyá Mọpé, wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń gún àgúnmu orúnkún rẹ̀. Ó pè é.

"Láníyọ̀nú, ṣé àwọn oníbàárà mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀?"

"Ó ti wà lórí ìkànnì, Màmá."

"Mo gbọ́. Ta ló ń júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún wọn?"

Láníyọ̀nú rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹyin inú ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá oníbàárà wà tàbí kò sí. Bó bá ti pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, pípa ni yóò pa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, èèpo ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í sán, òròmọdìẹ ń yọrí, ariwo wọn gba gbogbo ilé. Tẹ́lẹ̀, ní irú àkókò yẹn, ọ̀kadà àti mọ́tò á ti dí ẹnu ọ̀nà pa. Lọ́jọ́ yìí, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀. Láníyọ̀nú wo fóònù, kò sẹ́ni tó yan nǹkan kan. Ó tún un wò.

Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé òròmọdìẹ kì í dúró de ẹnì kan. Oúnjẹ tó gbé wáyé láti inú ẹyin lè gbé e ró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, bí kò bá sí oúnjẹ àti ibi tó móoru tó sì fẹ̀, ikú ni. Ilé ìpamọ ni wọ́n ní, wọn ò ní ilé ìtọ́jú. Gbogbo ẹ̀mí wọ̀nyẹn, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Gbádébọ̀, ẹni tó ń rà lọ́wọ́ wọn jù. Bí obìnrin náà ṣe rí i, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Láníyọ̀nú! Ta ló kú nínú yín?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Mà."

"A ò gbóhùn Mọpé ní rédíò mọ́. Mo dé oríta, mi ò rí òròmọdìẹ, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun pátákó bí ibojì. Mo ní ó parí, wọ́n ti kógbá sílé. Mo ti lọ ra tèmi n'Ìbàdàn."

"Ó wà lórí ìkànnì wa, Mà."

"Ìkànnì wo? Ṣé ohun tí ẹ kọ sára pátákó yẹn ni? Ta ló sọ fún mi?"

Láníyọ̀nú gun ọ̀kadà padà sílé. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á ju ìtìjú lọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Mọpélọ́lá bú u tán kó tó wọkọ̀. Ilé rédíò ló kọ́kọ́ yà sí. Ní ìrọ̀lẹ́, ìlú gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ̀yin ọlọ́sìn, ọmọ ti dé o! A ò kú, a ò kógbá sílé!"

Ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ayọ̀ dé? Kò tíì dé o! Ìròyìn pé wọ́n ti kógbá sílé ti jìnnà ju ibi tí wọ́n rò lọ.

"Ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ nìyí?" ni ọkùnrin kan tó pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ wí. "Ohùn lásán ni mo gbọ́. Kí ni n ó rí kí n tó gbé mọ́tò wá?"

Mọpélọ́lá na fóònù náà sí àbúrò rẹ̀. Nínú páálí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn òròmọdìẹ kan ti dákẹ́. Láníyọ̀nú gbé fóònù tirẹ̀, ó ya àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín òròmọdìẹ tó ń ké, ó sì gbé e sórí ìkànnì lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ wo ìkànnì wa, Sà. Ìsinsìnyí la yà á. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti yan iye tí ẹ fẹ́."

Ọkùnrin náà ṣí ìkànnì náà wò. "Háà! Mọpé nìyí lóòótọ́! Ẹ di páálí mẹ́wàá fún mi, mo ń bọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: rédíò á pe èèyàn, ìkànnì á fi hàn án pé òótọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ń bọ̀ kò tún rí oríta mọ̀. Láníyọ̀nú fúnra rẹ̀ gbé ọ̀dà, ó sáré kun òròmọdìẹ sára pátákó. Ó burú! Àwọn èrò ń bi í bóyá pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń tà báyìí. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀ níbẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ilé ti ṣófo. Páálí kan ṣoṣo ló kù, àwọn tó kú ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Rédíò mi ló gbà wá," ni Mọpélọ́lá wí. "Lọ pa ìkànnì yẹn rẹ́!"

"Ta ló gba ohùn yín gbọ́ kí wọ́n tó rí ìkànnì mi?"

Ìyá Mọpé gbé odó rẹ̀ wá sí àárín wọn.

"Ẹ wo inú odó yìí. Ewé wo ló wo orúnkún mi?"

Wọ́n wò ó. Gbogbo rẹ̀ ti kúnná di ọ̀kan.

"Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò," ni ìyá wí. "Ewé kan kì í jẹ́ àgúnmu. Láníyọ̀nú, ewé tí o jù sọnù ló pa àwọn wọ̀nyí."

Láníyọ̀nú gbé páálí náà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a gbé ọkọ́. Ìdí pátákó oríta ni wọ́n sin wọ́n sí, lábẹ́ òròmọdìẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Wọn ò tún un kùn títí dòní. Wọ́n kàn kọ àdírẹ́sì ìkànnì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, Mọpélọ́lá sì ń kà á jáde lórí rédíò.

Nítorí náà, bí o bá dé Òkè-Igbá tí o ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, tí wọ́n dá ọ lóhùn pé ewé kan kì í jẹ́ àgúnmu, má bi wọ́n pé ewé wo. Sọ̀ ní oríta, kí o wo ohun tó wà lára pátákó.